Ẹ̀dà Ìdánwò Linux àti Iṣẹ́ Ẹni Tí Ń Dán An Wò

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú lónìí lè dún bí ọ̀rọ̀ àjèjì létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú inú wò ó, ohun tí a ti ń ṣe tipẹ́tipẹ́ ni. Kò sí ẹni tí ó mọ ọjà ná tí yóò ra ìkòkò amọ̀ láìkọ́kọ́ fi ìka kàn án wò. Bí ó bá dún ketekete, olùrà yóò sanwó. Bí ohùn rẹ̀ bá há, yóò mọ̀ pé ó ti sán níbi tí ojú kò rí, yóò sì gbé e kalẹ̀. Ètò tí ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ náà ń fẹ́ ẹni tí yóò kàn án wò kí ó tó di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Ìbéèrè wa nìyí: ta ni ó yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ náà? Báwo ni a ṣe ń ṣe é láìfi ara pa? Ǹjẹ́ ó sì kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Yorùbá rárá?

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí Linux jẹ́. Kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò aṣàkóso nínú dà bí agbo ilé tí kò ní baálé. Irin àti wáyà lásán ni. Ètò aṣàkóso ni ó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń gba ohun tí a fi ìka tẹ̀, òun ni ó ń gbé e síta kí a lè rí i, òun náà ni ó sì ń tọ́jú ìwé wa pamọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, ẹni tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland nígbà náà, kéde pé òun ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kọ ni a ń pè ní Linux lónìí.

Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bí ó ti tọ́, kóró ni Linux jẹ́, kóró nìkan kò sì tó jẹ. Ó kù kí a wá ètò ìkọ̀wé, ètò ìwo-àwòrán, ètò tí a fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, àti ọ̀kẹ́ àìmọye mìíràn. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó gbogbo wọn jọ yí kóró náà ká, kí wọ́n sì fi wọ́n lé aráyé lọ́wọ́. Irú àpapọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní àkójọ Linux nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Debian, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Fedora jẹ́ ọ̀kan. Ubuntu, tí Mark Shuttleworth ọmọ ilẹ̀ South Africa dá sílẹ̀, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni ẹnikẹ́ni lè gbà wọ́n, ó sì lè wo bí a ti kọ wọ́n, kí ó tún wọn ṣe, kí ó tún pín wọn fún ẹlòmíràn.

Níbi àkójọ yìí gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Debian ẹ̀dà 12 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iye ìdì ètò tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 64,000. Àwọn tí ó kọ wọ́n kì í gbé ilé kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ fi ojú kan ara wọn rí. Bí ẹnìkan bá tún ètò tirẹ̀ ṣe ní Jámánì, ó lè ba ti ẹni tí ó wà ní Bùràsíìlì jẹ́, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì má sì mọ̀.

Nítorí èyí ni àwọn Debian ṣe la ọ̀nà onípele mẹ́ta sílẹ̀. Ìdì ètò tuntun a kọ́kọ́ wọ iyàrá àkọ́kọ́, níbi tí ohunkóhun ti lè dàrú. Sid ni wọ́n ń pe iyàrá náà, orúkọ ọmọ kan nínú eré àwòrán tí kò mọ̀ ju kí ó máa ba nǹkan ìṣeré jẹ́ lọ. Bí ìdì náà bá lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀ tí kò mú àbùkù ńlá tuntun wá, yóò bọ́ sí iyàrá kejì, èyí tí í ṣe iyàrá ìdánwò. Nígbà tí ó bá tó àkókò, wọn a ti ilẹ̀kùn iyàrá ìdánwò. Wọn kò ní gba àrà tuntun wọlé mọ́, àtúnṣe nìkan ni ó kù. Ẹ̀yìn èyí ni gbogbo rẹ̀ yóò wá di ẹ̀dà tí ó fìdí múlẹ̀, tí ilé ìwòsàn, báńkì àti ilé ẹ̀kọ́ lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìlànà Ubuntu yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ẹ̀dà rẹ̀ ń jáde, ní oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ni wọ́n ń gbé ẹ̀dà ìdánwò síta, èyí tí wọ́n ń pè ní bẹ́tà, lẹ́tà kejì nínú ábídí àwọn Gíríìkì. Ohun tí orúkọ náà ń sọ ni pé a ti gé aṣọ, a sì ti rán an pọ̀, ṣùgbọ́n télọ̀ ń bẹ oní-nǹkan pé kí ó wá wọ̀ ọ́ wò kí òun tó ká ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀nà láti tètè jẹ ìgbádùn ohun tuntun ṣáájú ẹgbẹ́ ni bẹ́tà jẹ́, ó ṣi ohun tí wọ́n pè é sí gbọ́. Iṣẹ́ ni wọ́n pè é sí, kì í ṣe àsè.

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ló dé tí àwọn tí ó kọ ètò náà kò fi dán an wò fúnra wọn? Wọ́n ń dán an wò. Ẹ̀rọ wọn pàápàá ń bá wọn dán an wò lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹni tí ó kọ ètò mọ ibi tí ó yẹ kí ènìyàn tẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni òun náà sì máa ń tẹ̀. Àlejò tí kò mọ ilé ni yóò lọ ṣí ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò ṣí rí.

Ó yẹ kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: iṣẹ́ náà ní ewu nínú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2008, àwọn tí ń dán kóró Linux 2.6.27 wò, nínú ẹ̀dà ìdánwò openSUSE, Ubuntu àti àwọn mìíràn, rí ohun tí ó yà wọ́n lẹ́nu. Kọ̀ǹpútà tí ó ní irú káàdì kan tí ilé-iṣẹ́ Intel ṣe, tí ètò tí ń darí rẹ̀ ń jẹ́ e1000e, kò lè bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ètò nìkan ni ó bàjẹ́ ni, à bá pa á rẹ́ kí a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú iyè káàdì náà gan-an ni a ti kọ ìkọkúkọ sí, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó padà sí ẹ̀dà àtijọ́ pàápàá bá ìṣòro náà nílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń fi ìka tọ́ e1000e. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò ní oṣù kẹwàá, ètò mìíràn tí ń jẹ́ ftrace, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ ìrìn kóró náà, ni wọ́n rí pé ó ń kọ̀wé sí àyè tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ìyà tí ó jẹ àwọn díẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó jẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìmọ ohun tí ó lè gbà.

Nítorí náà, ìlànà díẹ̀ wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀. Èkíní ni pé a kì í fi ẹ̀dà ìdánwò sínú kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ wa gan-an wà nínú rẹ̀. Máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé àpilẹ̀kọ tí a ti ń kọ láti ọdún méjì kì í ṣe ohun tí a fi ń ta tẹ́tẹ́. Kọ̀ǹpútà mìíràn ni kí a lò, kí a sì ti ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tí ó ṣe pàtàkì pamọ́ sí ibòmíràn. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà méjì lè lo ètò tí ń dá kọ̀ǹpútà àfarawé sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà gidi. Èyí kò ní ewu púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè sọ fún wa bóyá ẹ̀rọ wa gan-an yóò gba ẹ̀dà náà mọ́ra.

Èkejì ni pé kí a yẹ ohun tí a gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wò. Àwọn olùkójọ máa ń kọ iye àmì kan tí ń jẹ́ SHA256 sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ àmì kan péré bá yí padà lójú ọ̀nà, iye tí kọ̀ǹpútà tiwa yóò ṣírò kò ní bá tiwọn mu. Ẹni tí kò ṣe ìyẹ̀wò yìí lè fi ọ̀sẹ̀ kan ròyìn àbùkù tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ó ń gba ẹ̀dà náà ni ó wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni pé kí a kọ́kọ́ tan ẹ̀dà náà láti inú fíláàṣì, láìfi í sínú kọ̀ǹpútà rárá. Ǹjẹ́ ohùn ń jáde? Ǹjẹ́ ó rí wáyálẹ́ẹ̀sì? Bí a bá pa kọ̀ǹpútà dé, tí a sì ṣí i, ǹjẹ́ ó jí? Lẹ́yìn èyí ni a ó tó fi í sínú ẹ̀rọ ìdánwò. Bí a bá sì ní ẹ̀dà àtijọ́ nínú ẹ̀rọ mìíràn, kí a gbìyànjú láti gbà á ròkè sí ẹ̀dà tuntun, nítorí ibi ìgòkè yìí ni ọ̀pọ̀ àbùkù máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ̀kẹrin, tí ó sì ṣe kókó jù lọ, ni pé kí a fi ṣe iṣẹ́ tí a mọ̀ dunjú. Olùkọ́ èdè yóò fi kọ̀wé. Olùkọ́ ìṣirò yóò fi ya àwòrán ìlà. Akọ̀wé yóò fi tẹ ìwé jáde. Àbùkù tí kò lè fara hàn fún ẹni tí ń ṣeré kì í pẹ́ fara han ẹni tí ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tí ó rí àbùkù tí kò ròyìn rẹ̀ kò tíì dán nǹkankan wò. Ìròyìn náà sì ní ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é. Ẹni tí ó kọ ọ́ pé, "Ẹ̀dà yín kò ṣiṣẹ́," dà bí aláìsàn tí ó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn tí ó ní ara òun kò yá, tí ó sì pa ẹnu dé. Ìròyìn tí ó wúlò ń dáhùn ìbéèrè márùn-ún. Irú kọ̀ǹpútà wo ni, ẹ̀dà wo sì ni? Kí ni mo ṣe, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀? Kí ni mo rò pé yóò ṣẹlẹ̀? Kí ni ó ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà náà kọ síta gẹ́lẹ́? Bí mo bá tún un ṣe, ǹjẹ́ yóò tún ṣẹlẹ̀? Kí a tó fi ìròyìn ránṣẹ́, kí a wò ó bóyá ẹlòmíràn ti sọ ọ́, kí a lè fi ẹ̀rí tiwa kún tirẹ̀. Bí wọ́n bá sì sọ pé àwọn ti tún un ṣe, ó di ojúṣe wa láti padà lọ wò ó. Ẹ̀yin olùkọ́ yóò rí i pé àròkọ aṣàpèjúwe tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ni èyí jẹ́; ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnìkan wà níbòmíràn tí yóò gbé iṣẹ́ rẹ̀ ka orí rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé ohun kékeré lè já mọ́ nǹkan, ìtàn oṣù kẹta ọdún 2024 yóò dá a lóhùn. Ètò kan wà tí ń jẹ́ xz, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fún fáìlì pọ̀ kí ó má baà gba àyè. Kò sí ẹni tí ń fi í yangàn, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àkójọ Linux tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo ni ó ń tọ́jú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Láti ọdún 2021 ni ẹnìkan tí ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti ń bá a ṣe iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí wọ́n fi fọkàn tán an, tí wọ́n sì fún un ní àṣẹ. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún 2024, ó gbé ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 jáde. Ó ti la ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú wọn, èyí tí ó lè jẹ́ kí ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà olóko láìgba àṣẹ. Ẹ wo àrékérekè: inú àwọn fáìlì tí ó pè ní fáìlì ìdánwò ni ó fi májèlé náà pamọ́ sí.

Àwọn ẹ̀dà náà ti wọ iyàrá àkọ́kọ́ àti iyàrá ìdánwò Debian. Wọ́n sì ti kan àwọn tí ń dán Fedora 40 wò. Wọn kò tíì dé inú Debian tí ó fìdí múlẹ̀. Nígbà náà ni Andres Freund, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ ètò PostgreSQL, ń wọn bí iṣẹ́ ti ń yá sí lórí kọ̀ǹpútà tí Debian ti iyàrá àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé wíwọlé sínú kọ̀ǹpútà náà láti òkèèrè ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí ń gba nǹkan bí 0.3 ìṣẹ́jú àáyá ti ń gba 0.8. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni ìyàtọ̀ náà. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti kọjá. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé bóyá kọ̀ǹpútà ni ó rẹ̀. Freund kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí tí ó fi bá májèlé nínú xz, ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta. Ẹ̀dà ìdánwò Ubuntu 24.04 tí ó yẹ kí ó jáde ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin di ti ọjọ́ 11, kí wọ́n lè tún àwọn ìdì ètò rẹ̀ kọ́ láti ìpìlẹ̀. Àyẹ̀wò ojú tí ó mọ́ra ni ó gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà ayé lọ́wọ́ olè. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé ìdánwò ń rí gbogbo nǹkan. Ubuntu 17.10 ní ẹ̀dà ìdánwò, ó sì jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2017. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejìlá, wọ́n ní láti yọ ọ́ kúrò níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbà á, nítorí pé ó ń da ètò ìtanná-kọ̀ǹpútà rú nínú àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, pàápàá àwọn irú Lenovo kan. Oṣù kìíní ọdún 2018 ni wọ́n tó gbé àtúnṣe rẹ̀ síta. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé irú ẹ̀rọ tí ó bá wà lọ́wọ́ àwọn tí ń dán ẹ̀dà wò ni ìdánwò lè jẹ́rìí fún. Ẹ̀rọ tí kò ní ẹlẹ́rìí, ọjọ́ ìjáde ni yóò tó sunkún.

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lò ni ó jẹ́ tòkunbọ̀, tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, tí iyè rẹ̀ kò sì pọ̀. Iná lè lọ lójijì nígbà tí a bá ń fi ẹ̀dà tuntun sínú rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó jókòó sí ìlú tí iná kì í ti í lọ kò ní rántí láti dán èyí wò.

Ẹ tún wo èdè wa. Nínú ìlànà Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní ìjókòó tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi àmì ohùn lé ẹ tàbí ọ lórí, kò sí ìjókòó kan ṣoṣo fún àpapọ̀ náà. Lẹ́tà ni a ó kọ́kọ́ kọ, kí a tó gbé àmì lé e. Bí ìrísí lẹ́tà tí ó wà nínú ẹ̀dà tuntun kò bá mọ bí a ti ń gbé e lé e, àmì náà yóò yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo hù jáde dípò rẹ̀. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ ìroko, ọkọ̀ ojú irin àti ọ̀kọ̀ ọdẹ, àmì ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Kíbọọ̀dù Yorùbá wà nínú Linux, lábẹ́ orúkọ Nigeria. Bí ó bá bàjẹ́ nínú ẹ̀dà ìdánwò, ta ni yóò mọ̀? Ará Jámánì tí ó wò ó kò ní rí i pé nǹkan kan ṣe é. Àwa tí a mọ̀ ọ́n kà ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Bí a kò bá sì sọ̀rọ̀ nígbà tí a ń béèrè ẹ̀rí, ẹjọ́ wa yóò tutù nígbà tí ẹ̀dà náà bá jáde tán.

Àwọn kan ń jiyàn pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni èyí, pé àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn àwọn àkójọ kan ń fi pa owó. Àròyé náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Canonical tí ó ni Ubuntu ń wá owó, bẹ́ẹ̀ náà ni Red Hat tí ń ṣe onígbọ̀wọ́ Fedora. Ṣùgbọ́n àtúnṣe tí a bá tipa ìròyìn wa ṣe kì í di ohun ìní ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìwé àṣẹ tí a fi ń pín ètò wọ̀nyí fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí i, tó fi mọ́ ọmọ ilé-ìwé tí kò ní kọ́bọ̀ lápò. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àbá wa kò le. Kí ilé ẹ̀kọ́ gíga kọ̀ọ̀kan wá kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbé iṣẹ́ lé lórí mọ́. Bí ẹ̀dà ìdánwò bá jáde ṣáájú oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà àti olùkọ́ kan jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n fi kọ Yorùbá, kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ wọn, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ ní kíkún. Bí wọn kò bá rí àbùkù kankan, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n lò, nítorí pé ẹ̀rí ni ìyẹn náà.